Igbó Ewé Ìyá Mi ní Houinmè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi nínú sáṣẹ̀, ọ̀rá yìí, tí ẹ ń ra ata nínú sáṣẹ̀, tí ẹ tún ń fi sáṣẹ̀ mìíràn bo sáṣẹ̀ àkọ́kọ́ kó má baà já lọ́nà, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́. Bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni ẹnu ń yà mí sí i, ó sì yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ orí á ti bá mi pa ìyàlẹ́nu náà. Èmi kò kàwé. Mo lọ sí lékòlù fún ìgbà díẹ̀, bàbá mi kú, mo sì lọ kọ́ iṣẹ́ igbá rírán. Ẹ má retí Faransé lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín, kí ẹ fi etí gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún mi bí ẹ̀tọ́ bá wà nínú rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í lọ sí ọjà ní ọwọ́ òfo. Bí o bá fẹ́ ra epo, o mú ìgò rẹ dání. Bí o bá fẹ́ ra ẹ̀wà, o mú abọ́ rẹ dání. Alápatà á fi ewé pọ́n ẹran rẹ, á fi ọ̀pá ewé náà dì í, ìwọ á sì gbé e sórí láìsí ohun tí ń kán sílẹ̀. Iyọ̀ inú ewé ni, ọṣẹ dúdú inú ewé ni, òrí inú ewé ni. Ẹni tó bá gbàgbé abọ́ sílé, àwọn obìnrin ọjà á fi ṣe ẹlẹ́yà títí á fi padà lọ mú un. "Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ni kí n da ẹ̀wà gbígbóná sí fún ọ?" ni wọ́n máa ń wí. Mo rántí akọ̀wé kan láti Dowa, aláṣọ funfun, tó gbàgbé abọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ebi ń pa á, iṣẹ́ sì ń dúró dè é. Ó ṣí akẹtẹ̀ orí rẹ̀, ó nà án sí ẹlẹ́wà, ó ní, "Ẹ dà á síbí, Màmá. Orí mi ti gbóná tẹ́lẹ̀." Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Misié Akẹtẹ̀, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bí igbá bá sán, a kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á gbé e wá bá mi. Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi kó rọ̀, mo máa ń fi irin gígùn lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán, mo sì máa ń fi okùn ọ̀gọ̀rọ̀ rán an pa dé. Igbá mìíràn wà tí ìyá lò, tí ọmọ lò, tí ojú ìrán rẹ̀ pọ̀ débi pé ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n kọlà sí. Obìnrin kan ní Tokpota máa ń sọ fún mi pé igbá òun lẹ́wà jù lẹ́yìn tí mo bá rán an tán. Mo mọ̀ pé ó ń pọ́n mi ni, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn.

Àmọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ewé ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìyá mi ló ń ta ewé.

Lẹ́yìn ilé wa ní Houinmè, ilẹ̀ máa ń rọra lọ sísàlẹ̀, síbi tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ìrókò kan wà níbẹ̀, igi ayùnrẹ́ sì pọ̀ yí i ká, òjìji wọn sì nípọn tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá wọ ibẹ̀ ní ọ̀sán, ó máa ń dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀. Abẹ́ àwọn igi yìí ni ewé eéran wà, ewé gbọọrọ tó fẹ̀, tó lè pọ́n odidi ẹ̀kọ láìya. Ìyá ìyá mi ló gbé gbòǹgbò rẹ̀ wá láti ọ̀nà Kétu, ó sì gbìn ín. Ewé yìí kò fẹ́ràn oòrùn rárá. Òjìji ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyá mi kì í sì í gé èyí tí kò tíì tú lára rẹ̀. Ó ní èyí tó ṣì ká bíi tábà yẹn, ti ọ̀la ni.

Ní òwúrọ̀ kùtù, ìró ewé ló máa ń jí mi. Ó máa ń ṣan wọ́n nínú omi, á na wọ́n mọ́ orúnkún rẹ̀ kí omi lè gbọ̀n dànù, "pàá, pàá," bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọjọ́ tuntun. Lẹ́yìn náà á dì wọ́n ní ìdì, á sì gbé e sórí. "Ewé tútù rèé o! Ẹlẹ́kọ, mo ti ń kọjá o!" Àwọn ẹlẹ́kọ á sì máa dá a lóhùn láti inú agbo ilé: "Ìyá Eléwé, ẹ má tíì lọ! Iná ń bẹ lọ́wọ́ mi!"

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń ṣa ewé tí àwọn ènìyàn ti jẹ ẹ̀kọ tán nínú rẹ̀. Wọ́n á ṣà á lójú títì, wọ́n á ṣà á ní ìdí àwọn olóúnjẹ, wọ́n á sì gbé e wá fún ìyá mi nínú agbọ̀n. Òun á dà á sí ìdí àwọn igi kó jẹrà, kó sì di ilẹ̀. Ewé tó jáde kúrò nínú igbó ní òwúrọ̀ á sì padà síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló ń fún àwọn ọmọ? Èso ewé náà ni. Èso pupa kan ni, mọ́lẹ̀ ló ti máa ń so, lábẹ́ ewé, bí ẹni tí ń sá pamọ́. Bí o bá fọ́ ọ, o máa rí kóró dúdú inú rẹ̀ àti ohun rírọ̀ kan tó mọ́ gaara lára kóró náà. Ẹ fi sẹ́nu! Ṣúgà kò dùn tó o, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. Àwọn ọmọ máa ń jà lórí rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ìyá mi: "Ìwọ yìí, ewé kan ṣoṣo lo mú wá, o sì na ọwọ́ méjèèjì. Ta ló kọ́ ọ ní òṣèlú?"

Bí ojú títì wa ṣe mọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti gbá a. Lónìí, ẹ wo gọ́tà tó wà níwájú ilé wa. Ọdún tó kọjá, ewúrẹ́ mi kú, a la inú rẹ̀, a bá sáṣẹ̀ níbẹ̀ tó tó irọ̀rí. Mo la ẹnu, n kò lè pa á dé.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, inú wa dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín. Èmi náà jó. Wọ́n ní ayé àwọn tálákà ti dé, tálákà sì ni wá. Nígbà tó yá, wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ yìí padà, wọ́n yí àsíá padà, wọ́n yí ìkíni pàápàá padà. Bí o bá pàdé ènìyàn, á ní, "Èhúzù!" ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, ìwọ á sì dáhùn pé, "Dandan!" Olúkúlùkù di kamaràdì. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní délégé tirẹ̀, ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ ìjọba wá sọ́dọ̀ wa.

Délégé tiwa kì í ṣe àlejò. Ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ Houinmè ni, ọmọ ẹlẹ́kọ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń ra ewé lọ́wọ́ ìyá mi ju gbogbo ẹlẹ́kọ yòókù lọ. Èmi àti òun jọ ṣa ewé ojú títì ni, a jọ jẹ èso náà ni títí ahọ́n wa fi yó. Òun tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́, èmi dúró sídìí igbá. Nígbà tí wọ́n yàn án, ìyá mi ní, "Ọmọ wa ni. Ojú kò ní tì wá mọ́."

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan dé sáàárín àwọn ọmọ ọwọ́. Ara wọn á le, ẹnu wọn á pa dé, wọ́n á sì lọ. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ìlú. Rédíò ń sọ pé àwọn àjẹ́ ni, pé àwọn arúgbó ni ọ̀tá ìyípadà, pé kí a wá wọn jáde. A máa ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá arúgbó nínú rédíò, wọ́n ń jẹ́wọ́ ohun tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sẹ́. Ìyá mi pa rédíò ilé wa. Ó ní òun mọ ohùn ẹni tí wọ́n ti lù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pe ìpàdé sí oríta iwájú ilé wa. Gbogbo àdúgbò jáde. Délégé dúró sórí àpótí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi bọ́ síwájú. Ìyá mi bọ́ síwájú, omi ewé ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Màmá, kí ni ẹ ń fi ewé tó ti kan ẹnu ọmọ ènìyàn ṣe?"

"Ìdí igi ni mo ń dà á sí, kó jẹrà."

"Kó jẹrà! Ẹ gbọ́, kamaràdì! Ohun tó kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ yín, ó ń gbà á, ó sì ń jẹ́ kó jẹrà lábẹ́ ìrókò! Kí lẹ ń fún wọn dípò rẹ̀?"

"Èso ni. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Kí ló dé tí ẹ kì í tà á?"

Ìyá mi wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Ta ni yóò ta èso fún ọmọdé? Ìwọ gan-an, ó yẹ kí n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ, torí ìwọ lo jẹ ẹ́ jù."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo rí i bí ojú ọmọkùnrin náà ṣe yí padà. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe pé, "Àjẹ́ ni obìnrin yìí! Èso yẹn ló fi ń kó àjẹ́ ran àwọn ọmọ yín!"

Ẹ̀rín dá. Mo wo ìyá Délégé, ẹlẹ́kọ tó ti ń fi ewé wa pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Ilẹ̀ ló ń wò. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ìka sí i lọ́nà ọ̀fun bóyá á bì.

Wọ́n mú ìyá mi lọ sí kọ̀mísáríà àwọn ọlọ́pàá. Ó pẹ́ kó tó padà, nígbà tó sì padà, wọ́n ti fá irun orí rẹ̀. Kó tó dé, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé àáké wá, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì gé ìrókò náà àti gbogbo ayùnrẹ́. Wọ́n ní oko àgbàdo ìlú ni ibẹ̀ yóò dà. Oòrùn wọlé síbi tí kò tíì wọ̀ rí láti ìgbà ìyá ìyá mi. Ewé eéran ká bí etí ewúrẹ́ tí àìsàn ń ṣe, ó pọ́n, ó sì gbẹ. Àgbàdo kò so níbẹ̀, torí ilẹ̀ náà ti tutù jù fún un. Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tí a kò mọ̀ wá kọ́lé síbẹ̀.

Kí ni àwọn ẹlẹ́kọ ṣe? Wọ́n lo ewé tíìkì, ẹ̀kọ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn oníbàárà ń bínú. Wọ́n lo tákádá àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tí sáṣẹ̀ dé, wọ́n dì mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. N kò bá wọn wí. Abọ́ oníke dé, iṣẹ́ igbá mi náà tán. Èyí kò dùn mí tó èkejì.

Èkejì ni ti àbúrò mi, Rẹ̀bẹ́kà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wá, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ìgbéyàwó òun àti tíṣà kan láti Dowa lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ará Dowa kankan kò wá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ pé ó ti tán. Wọn kò kàn wá mọ́ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ìyá mi bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á rọra sún títí yóò fi ku òun nìkan lórí rẹ̀. Ó kú bẹ́ẹ̀. Rẹ̀bẹ́kà kò lọ́kọ títí di òní. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. A jọ darúgbó nínú ilé kan náà, n kò sì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ oríta yẹn rí.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi, Ìbídùn, ní kí n wá jẹun ní ilé oúnjẹ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí sí Tokpota. Ó ní wọn kì í lo sáṣẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ. Mo bá ewé eéran lórí tábìlì! Ó fẹ̀, ó tutù, ẹ̀kọ sì wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti rí i, ó ní wọ́n ń fi mọ́tò kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn oníbàárà mú abọ́ dání láti ilé, wọ́n sì ń fi han ara wọn bí ohun tuntun. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Mo jókòó.

Ìbídùn ní, "Bàbá, àwa máa ń pe àgbàlagbà kan wá kó sọ fún wa bí ìlú ṣe rí kí sáṣẹ̀ tó dé. Ẹ tẹ́tí sí bàbá yẹn."

Mo yíjú. Délégé ni.

Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa igbó ewé kan ní Houinmè! Ó ń sọ bí òjìji ibẹ̀ ṣe tutù. Ó sọ nípa agbọ̀n, ó sọ nípa èso pupa, ó lá ètè rẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mi sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi í pé, "Bàbá, igbó náà ńkọ́ báyìí?"

"Wọ́n gé e."

"Ta ló gé e?"

"Háà, ìjọba ìgbà yẹn ni."

Mo dìde. Mo ní, "Délégé."

Ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀, ó wò mí títí. "Ta ni ń pè mí ní orúkọ yẹn? Háà! Onígbá! Ìwọ ṣì wà láyé?"

"Mo wà láyé. Ta ló gé igbó náà?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà ló rí bẹ́ẹ̀..."

"Ìgbà kò gun àpótí. Ìwọ lo gun àpótí. Kí lo pe ìyá mi?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò sẹ́. Ohun tó wí ló pa mí lára ju sísẹ́ lọ. Ó ní, "Ṣé mo pè é ní nǹkan kan ni?" N kò rí irọ́ lójú rẹ̀. Ó ti gbàgbé. Adùn èso wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu kan náà jáde, kò rántí rẹ̀ mọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń padà sí i nínú, títí ó fi jókòó. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ sí mi létí pé, "Ìyá rẹ kì í ṣe àjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà pàápàá. Dárí jì mí."

Mo ní, "Rárá. Igbe lo fi pè é. Kì í ṣe etí mi lo sọ ọ́ sí. Wá sí oríta, kí o kígbe."

Ó wá. Ní òwúrọ̀ ni, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti bùbá funfun. Oríta náà kò yí padà, àyàfi pé aránṣọ kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àwọn oní-zẹ́mìjàn sì ń dúró de èrò lórí alùpùpù wọn lábẹ́ agbòjò. Ó bi mí pé, "Níbí?" Mo ní, "Níbí." Ó gbé orí sókè, ó sì kígbe pé, "Obìnrin yẹn kì í ṣe àjẹ́! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"

Oní-zẹ́mìjàn kan wo èkejì rẹ̀. "Ta ni bàbá ń sọ?"

Aránṣọ ní, "Ó jọ pé oògùn ni wọ́n ń tà."

Ẹ̀yin ọmọ, ara mi tutù bí omi. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn náà ti kú, tàbí kí wọ́n ti ṣí lọ. Àwọn tó ń gbọ́ ìdáláre yìí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀tọ́ tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà èwe mi dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ.

Nígbà náà ni Rẹ̀bẹ́kà jáde. Ègúsí ló ń bó nínú ilé, èèpo rẹ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó kan dání, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà gan-an, ó sì jókòó.

"Délégé, ẹ kú àárọ̀ o."

"Ta nìyí?"

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀."

Ọkùnrin náà kò mọ orúkọ náà. Ìyá Eléwé nìkan ló mọ̀.

"Màtíldà ni wọ́n ń pè é," ni Rẹ̀bẹ́kà wí.

Délégé fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì ké e títí ohùn rẹ̀ fi ya: "Màtíldà kì í ṣe àjẹ́! Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn!" Oní-zẹ́mìjàn kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Àbúrò mi gbọn èèpo ègúsí kúrò ní itan rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fara balẹ̀ dáadáa lórí àpótí náà.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."